Bátìrì Tó Ń Súfèé ní Japoma

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí Àǹtí Sàlámọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ojúlé pé ara mi le. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde kí ẹlòmíràn lè rí i kà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Òjò Douala kò tíì dá. Aṣọ kì í gbẹ, nǹkan funfun bí òwú sì ti hù lára bàtà aláwọ tí ẹ rà fún mi. La crise ni wọ́n ń pe àsìkò tí a wà yìí: ọjà ò tà, iná ò dúró. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ ni àwọn èèyàn máa ń rọ́ wá sí ìsọ̀ mi ní Marché Central, torí UPS ni mò ń tún ṣe, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iṣẹ́ lọ bí iná bá lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní onduleur níbí. Àìsí iná tó ń dà mí láàmú náà ló ń bọ́ mi. Bí mo bá wá ti ìsọ̀ tán, kò sí ẹni tí mo lè fi Yorùbá bá ṣàwàdà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, ìkíni nìkan ni wọ́n gbọ́, Faransé ló kù.

Lúkúmọ́nù àbúrò mi pè mí, ó ní òun ti rí bátìrì ńlá kan tí òun fẹ́ so mọ́ UPS ìsọ̀ òun kó lè máa pẹ́. Màámi, ẹ ní kó dúró ná. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Oníbàárà mi kan wà tó ń jẹ́ Delphine, ẹja ló ń tà, Japoma lẹ́yìn ìlú ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ ò lè mí dáadáa mọ́. Ẹ̀rọ kan ló ń fún un ní atẹ́gùn, onduleur ló sì yẹ kó máa gbé ẹ̀rọ náà bí iná bá lọ. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní bí iná bá ti lọ báyìí, onduleur á kàn ké, á sì kú. Ó tún rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bàbá òun ń sọ pé ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ìyá tó bí òun, ti padà wá sílé. Bàbá náà ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni obìnrin náà ń jókòó sí, ó ń súfèé, ó ń se ẹyin òbu. Pásítọ̀ ti wá gbàdúrà, súfèé náà ò dá.

A jọ wọkọ̀ lọ. Òjò ti sọ ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan yàrá náà, òórùn ẹyin òbu bò mí. Mo béèrè pé kí ló ń rùn báyìí. Delphine wò mí, ó ní òun ò gbóòórùn nǹkan kan. Bàbá na ìka sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní, "Elle est là." Ó wà níbẹ̀.

Màámi, mo gbọ́ ọ. Súfèé tín-ín-rín, bí ẹni tó ń kọrin sínú eyín. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo ka àdúrà tí Alfa kọ́ wa, mo sì yọjú.

Bátìrì ni. Èyí tó wà nínú onduleur ti kú, wọ́n sì ti ra àpótí bátìrì kan ní Yassa nítòsí ibẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ọn láti ìta. Ó ti wú, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù, omi inú rẹ̀ ń hó, gáàsì ń gba ihò rẹ̀ jáde. Bátìrì mẹ́ta ni onduleur náà ń béèrè, volt mẹ́rìndínlógójì. Méjì péré ló wà nínú àpótí yìí, volt mẹ́rìnlélógún. Ẹnu wáyà bára mu, wọ́n rò pé ó parí síbẹ̀. Bí iná bá wà, onduleur á máa rọ iná tó ju agbára bátìrì lọ sí i lára. Bí iná bá lọ, bátìrì ò lágbára tó láti gbé e. Ẹ sọ fún Lúkúmọ́nù pé volt ni kó kà, kó má wo ẹnu wáyà.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òórùn náà ṣàdédé pòórá. Bátìrì ṣì ń hó níwájú mi, imú mi ni kò gbọ́ mọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí gidi. Bó ṣe ṣe Delphine nìyẹn: gáàsì náà á kọ́kọ́ pa imú kó tó kan èémí. Mo pariwo pé ká gbé Bàbá jáde. A gbé òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò tó kọjú sí wọn, a gbé e jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a so ẹ̀rọ náà mọ́ iná ibẹ̀, mo sì sáré lọ pa iná ilé wọn láti ibi mítà níta. Ètè Bàbá ti dúdú. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń padà bọ̀ sípò.

Nígbà tó yá, mo so bátìrì tó bá onduleur wọn mu fún wọn, ara Bàbá sì ti mókun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ tán.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé bátìrì ló ń súfèé, òun náà ló ń rùn. Ó mi orí, ó dúpẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n padà lọ ṣí fèrèsé. Ó ní bí atẹ́gùn yàrá náà bá lè ṣe òun báyìí, ìyàwó òun tó wà ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yìí ńkọ́?

N ò jiyàn. Mo fi aṣọ bo imú, mo ṣí fèrèsé, mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Bí mo ṣe fẹ́ jáde, n ò mọ ohun tó ṣe mí, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fẹ̀yìn ti ògiri, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kọjá. Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ kọjá lára mi. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì. Bàbá ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màámi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kò ní fi ojú yín sunkún wa. Gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, ẹ bá mi kí wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì