Bàbá Wa, Àlàájì Múrítàlá Adéríbigbé, àti Èrò Kẹsàn-án

Létí ọ̀sà, ní abúlé Ebúté-Àgbọn lódìkejì Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti bí Bàbá wa lọ́dún 1957. Bàbá wọn a máa kan ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn, Àbẹ̀kẹ́, a máa yan ẹja. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kéwú.

Lọ́dún 1978, wọ́n wá sí Agége, wọ́n ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Àwọn ló ń dán ọkọ̀ wò nínú kòtò omi ẹ̀yìn iléeṣẹ́, kí wọ́n tó kọ iye èrò sí i lára. Lákòókò oúnjẹ, òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀: géńdé ọkùnrin pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹ̀pà lọ́wọ́, nínú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Nígbà tí SAP dé tí nǹkan wọ́n, ẹ̀pà ló kọ́kọ́ dínkù, lẹ́yìn náà búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò tán.

Lọ́dún 1987, wọ́n fẹ́ gbé ìyá wa, Bàrákàt, níyàwó. Bàbá ìyá wa, Àlàájì Síkírù Johnson, ní àwọn kì í fọmọ fún ẹni tí àwọn ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ni wọ́n bá kó ẹbí lọ sí Ẹ̀pẹ́, Bàbá wa sì pèsè ọkọ̀ elérò mẹ́jọ tí yóò gbé wọn sọdá sí abúlé. Àwọn ẹbí mẹ́jọ ti jókòó kí Àlàájì tó kírun tán. Bí Àlàájì ṣe yọ, gbogbo èrò dìde láti kí wọn, bí a ṣe kọ́ni nílé. Ọkọ̀ fì, omi wọlé. Ọ̀kan nínú ẹbí fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fún wọn, Àlàájì kọ̀.

"Gbogbo wa la jọ ń lọ. Ẹ sún fún mi, ṣé erin ni mí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó ti kún. Ẹ jẹ́ ká jọ wọ èyí tó ń bọ̀."

"Múrí, o ò tíì gba ọmọ lọ́wọ́ mi, o ti ń lé mi nínú ọkọ̀."

Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí èrò kẹsàn-án wọlé. Omi ò mọ àna. Àlàájì kó ẹbí padà sí Agége, wọ́n ní kò sí ìgbéyàwó mọ́.

Ìyá ìyá wa, Ìbísọ́lá, gbọ́ ẹjọ́ náà tán, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀ pé ìyàwó lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó ní kó bọ́, kí ẹ̀yin má baà rì. Bàbá Bàrákàt, kí lẹ tún fẹ́ wádìí lábúlé?" Nígbà tó di Jímọ̀, Àlàájì ránṣẹ́ pe Bàbá wa. Wọ́n so yìgì kí oṣù náà tó tán.

Bàbá wa ṣe ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá lọ sílé, wọ́n a máa kọ́ àwọn èrò ebúté pé orí ìjókòó la ti ń kí àgbà nínú ọkọ̀.

Ìyá wa Bàrákàt gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwa ọmọ, Fàúsát, Fọlábí àti Nusrat, àti ọmọọmọ.

Bàbá wa, ẹ sùn ire. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìtura sílẹ̀ dè yín. Ìyá wa ní kí ẹ bá àwọn kí Àlàájì Johnson, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tí wọ́n fi fún yín kò kábàámọ̀.