Ìdí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Yín

Ìgàndó, Oṣù Kẹfà, 1988

Bọ̀dá Gbóyèga,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Jámánì ò pọ̀ jù? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màámi ti san.

Omi ilé ìwẹ̀ wa ló ń jò wọ kànga, tí inú ń run gbogbo ilé. A wá gbẹ́ ṣọ́kàwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí á máa rì sí. Ibi kan ṣoṣo tó jìnnà sí kànga ni ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sin ìwọ́ yín sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n hú u. Ẹ má bínú.

Kànga ti mọ́ báyìí; téèyàn bá bẹjú wò ó, àwọsánmà ń rìn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, Màámi ṣì ń rìn nínú ìrì lọ da omi síbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní òùngbẹ á máa gbẹ yín.

Olúwa á mú yín bọ̀ wálé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ ń rí omi mu.

Àbúrò yín,
Ọmọ́wùnmí