Justina Wiebe, Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Jẹ́rìí Gbè

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1961, ní abúlé Silberthal ní Manitoba, ni a bí Màmá wa, Justina, fún Johann àti Aganetha Toews. Ọmọ Toews, ọmọ a-gbin-àlìkámà-kí-yìnyín-tó-yọ́-tán, ọmọ ọ̀rọ̀-kan-ṣoṣo. Ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ni wọ́n lọ. Lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ búrẹ́dì olórí-méjì, èyí tí kékeré ń gun ńlá lórí, àti orin ìjọ.

Ní 1983, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Kornelius Wiebe, àgbẹ̀ alágbára, òjòwú paraku. A kò ní fi bò. Bí Màmá bá rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ra wàrà, oúnjẹ ọ̀sán Bàbá ti bàjẹ́ nìyẹn. Òjòwú kò lẹ́ran láyà.

Ní 1984, Màmá lóyún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo aláboyún sọ pé àrùn ìbálòpọ̀ wà lára wọn. Bàbá ṣe tiwọn, kò sí nǹkan kan. Kò pẹ́ tí oyún náà fi wálẹ̀. Dípò kí Bàbá bá aya wọn sunkún, Abram Dueck, adarí orin tó máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn akọrin relé, ni wọ́n ń rò.

"Ṣé Abram ni? Gbọ́wọ́ lé Bíbélì, kí o búra fún mi."

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ìjọ wo lẹ ń lọ? Àwa kì í búra. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á búra!"

"Ẹni tó bá ń wá ìbúra, kó lọ fẹ́ lọ́yà."

Wọ́n fún Màmá lábẹ́rẹ́ fún àrùn tí wọn kò ní. Oyún mẹ́rin tún bàjẹ́ tẹ̀lé e. Ìyá Bàbá a máa wí nídìí kọfí ọjọ́ Ìsinmi pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jẹ ọmọ." Màmá a sì bu kọfí kún ife wọn.

Ní 1993, ẹsẹ̀ Màmá wú gbìì: ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú rẹ̀. Dókítà obìnrin kan ní Winnipeg béèrè pé, "Ìyáàfin Wiebe, ǹjẹ́ wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ ní àrùn ìbálòpọ̀?" Ojú Bàbá walẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló yíjú sí onílé. Wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀, wọ́n ń mú kó dì nínú ibi ọmọ, oúnjẹ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀ mọ́. Àwọn kan náà ló tan àyẹ̀wò ọjọ́sí jẹ. "Bàbá, ìyàwó yín kò ṣe nǹkan kan."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Bàbá dìde láàárín ìjọ: "Aya mi ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sọ ọ́ di òpùrọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Abram, ìwọ náà, má bínú."

Nígbà tí oyún tún dé, ásípírìn lójoojúmọ́ àti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Bàbá fúnra wọn ló ń gún abẹ́rẹ́ náà. Wọn kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan Màmá níkùn. Ní 1995, Ọlọ́run fi Margaretha ta wọ́n lọ́rẹ. Látìgbà náà, obìnrin tí oyún bá ń bàjẹ́ mọ́ lára ní agbègbè wa, Màmá a tọ̀ ọ́ lọ: "Má pè é lẹ́ṣẹ̀, ọmọ mi. Ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò."

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Wọ́n fi Bàbá, Margaretha, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀.

Ní Silberthal, bí ikú bá ṣe pè wá la ṣe ń tò wá sí itẹ́ òkú. A kì í to ọkọ ti aya. Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ bá àwọn alàgbà: "Ẹ dákun, ẹ má tẹ́ ẹlòmíì tì í." Àwọn alàgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n sì fàyè sílẹ̀.

Justina ọmọ Toews, kí Olúwa arínúróde tẹ́ ọ sí ibi ìtura. Sùn wọ̀ọ̀. Ẹni tó ni àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.