Ọ̀bẹ Tí Kò Bá Ọwọ́ Mi Mu

Ìlú Ìrókò,
Ọ̀nà Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1859.

Olúrẹ̀mí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwa náà ń dúpẹ́ níhìn-ín. Iṣu ta lọ́dún yìí, ara ìyá mi sì le.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Ògúntúyì fẹ́ fi àbúrò mi Ìbídùnní ṣe aya. Ìjàyè ló ti wá, ìwọ náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ àwa àti Ìjàyè ṣe rí báyìí, bí ẹni pé ogun fẹ́ bẹ́. Láti ìgbà tí baba wa ti kú, ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ Ìbídùnní wà. Bí mo bá fà á fún ẹni tí kò yẹ, ojú wo ni màá fi wo ìyá mi?

Ògúntúyì kò ru iṣu wá bí àwọn tó ń wá ìyàwó. Ọ̀bẹ oko kan tó fúnra rẹ̀ rọ ló mú wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí ni mo rọ ọ́ fún." Mo gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ọ̀bẹ náà ń dán jù. Mo gbóòórùn irin rẹ̀, mo wò ó bóyá idà tó ṣẹ́ ló tún rọ. Ẹ̀rín tí ọmọkùnrin náà ń rín gan-an kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìfura loògùn àgbà.

Láàárọ̀ àná, mo ní kó wá kí n dán ọ̀bẹ náà wò lójú rẹ̀. Mo fi gé igi ìbẹ́pẹ, ó gé e. Ta ni kò lè gé ìbẹ́pẹ? Mo wá mú ẹ̀ka orógbó gbígbẹ, mo fẹ́ fi gbẹ́ èèkù àdá. Háà! Ọ̀bẹ ń rì wọnú igi, kò gba ibi tí mo darí rẹ̀ sí. Mo wò ó fínnífínní: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló pọ́n, ìkejì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àyè tó gbẹ́ fún àtàǹpàkò lára èèkù rẹ̀ pàápàá wà ní òdìkejì. Mo ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń rọ ọ̀bẹ ní Ìjàyè nìyí? Ẹni tí kò lè rọ ọ̀bẹ, báwo ni yóò ṣe bọ́ ìyàwó?" Ilẹ̀ ló ń wò. Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣì ń pariwo nígbà tí Ìbídùnní jáde láti ibi ìdáná. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó fi sí ọwọ́ òsì, ó sì ń gbẹ́ orógbó náà bí ẹni ń bẹ iṣu.

O mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Gbogbo wa nílé yìí ló ti lu ọwọ́ yẹn rí, kó má baà fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ronú láti ṣe ohun tí ọwọ́ náà yóò lò. Ojú tì mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n má rò pé mo ti gbà. Ìbídùnní kì í fi ọwọ́ òsì ṣe nǹkan kan níwájú àlejò. Ìyá mi ti kọ́ ọ dé ibẹ̀. Níbo ni Ògúntúyì ti rí i? Mo bi í, ó ní òun kàn rò ó ni. Mo bi Ìbídùnní, ó gbé ìkòkò, ó ní omi ti tán nílé. Omi sì kún àmù wa dé ẹnu.

Jọ̀wọ́, bá mi bi àwọn ará Ìjàyè tó ń ná ọjà Ìbàdàn lọ́dọ̀ yín léèrè irú ìdílé tí Ògúntúyì ti wá. Bí o bá gbọ́ rere, yára ránṣẹ́. Bí o bá gbọ́ búburú, yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí láti àná ni ọ̀bẹ náà ti wà ní ìbàdí Ìbídùnní, n kò sì rí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bá mi kí ìyá rẹ àti gbogbo ilé. Ìyá mi náà ń kí ọ. Wọ́n rò pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pe Ògúntúyì ní "àna mi".

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ àfi ìwọ,
Josiah.