Ẹ Má Gba Bùkọ́lá Lọ́wọ́ Mi Nítorí Fídíò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú òjò, ẹ kú ara ríro. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí gbogbo ìyàwó ilé, mo kí Àǹtí Ìbídùn tó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ yín láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Ọ̀wọ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ ọ̀hún, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ fún ìyá rẹ̀ lórí ìdúró.

Bùkọ́lá ò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Bàtà tuntun tí ẹ fi rán awakọ̀ sí i pé kó fi wọ kíláàsì tuntun, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń wọ̀ ọ́ lọ. Mo gba bàtà náà, mo dúpẹ́, mo tún ní kí awakọ̀ sọ fún yín pé ó bá aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ̀rù yín ló bà mí, ojú sì tì mí pẹ̀lú.

Mo tọrọ àforíjì fún irọ́ yẹn, àmọ́ n kò tọrọ àforíjì fún pé mo mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀. Inú ń bí mi, Ìyá mi. Ó ti ń bí mi tipẹ́, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì yìí ló wá bu epo sí i.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn. Bọ̀dá Gbóyèga ló máa ń ka lẹ́tà mi fún yín. Mo mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń kàwé: èyí tó wù ú ló ń kà, èyí tí kò wù ú á ní ìwé ti ya níbẹ̀. Èyí ò lè ya. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé lẹ́yìn ìsìn ni kí ẹ pè, kó kà á sí yín létí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé akólòlò ni Bùkọ́lá. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ẹ ó sì dákẹ́ títí yóò fi parí. Nílé ẹ̀kọ́ tó ń lọ, olùkọ́ rẹ̀ kan ò lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó gun orí tábìlì, kó dáhùn ìbéèrè, kó má sọ̀ kalẹ̀ tí kò bá tíì parí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un, kólòlò kan, àtẹ́wọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà, lórí tábìlì, tí omijé ń bọ́ sí kọ́là aṣọ rẹ̀. Ó délé, kò sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, mo lọ bá ọ̀gá wọn. Ọ̀gá ní olùkọ́ náà fẹ́ tú u láhọ́n ni. Ó ní bí inú bá ń bí mi, ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Mo gbé báàgì ọmọ mi, a sì bá tiwa lọ.

N kò mú un lọ síbòmíràn. Ta ni yóò ṣèlérí fún mi pé kò sí tábìlì níbẹ̀?

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ìgbà tí bàbá Bùkọ́lá ti kú. Mò ń ta kẹrosíìnì níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò háyà nínú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa wà níbẹ̀, ẹ̀rọ fídíò wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àkókó ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, torí ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni mo ti wá. Wọn ò burú sí mi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ èdè Ọ̀wọ̀ láàárín ara wọn, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọjú sí mi, wọ́n á sọ Yorùbá inú ìwé fún mi bí ẹni ń fún àlejò ní àga. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé ibí rèé. Bí òjò bá ti ń lu páànù báyìí, tí oníbàárà ò yọjú, Bùkọ́lá nìkan ni mo ní. Bí òun náà bá wá dákẹ́ ńkọ́?

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó là á lẹ́nu ni sípíkà tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́. Mo ń yẹ kásẹ́ẹ̀tì kan wò bóyá ó ti gé. Àwòrán ń lọ, kò sí ohùn, àwọn èèyàn inú fíìmù ń la ẹnu bí ẹja inú agbada. Bùkọ́lá ń to kásẹ́ẹ̀tì sórí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Mo kàn gbọ́ tí ẹnìkan ń bá ìyàwó inú fíìmù sọ̀rọ̀, ó ń bá ọkọ rẹ̀ náà sọ̀rọ̀, ó ń fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wẹ̀yìn. Bùkọ́lá ni. Kò kólòlò ẹyọ kan.

N kì í ṣe dókítà, n kò lè sọ bó ṣe jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á há. Bó bá wọ ara ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn. Mo tún sípíkà ṣe, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà èmi fúnra mi ni mo ń pa ohùn rẹ̀. Bí a ṣe ń kàwé nìyẹn. Bùkọ́lá á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn inú fíìmù bó ṣe rò ó. Lẹ́yìn náà a ó dá a padà sẹ́yìn, a ó ṣí ohùn, a ó wò ó bóyá ó bá a mu. Tó bá jẹ́ fíìmù Òyìnbó, ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, á wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Fíìmù Íńdíà, tí èmi àti òun ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun ló ń bá mi wá ìdí tí ìyá fi ń sunkún. Nígbà míràn mo máa ń yọ kásẹ́ẹ̀tì kó tó parí, kó lọ kọ ìparí rẹ̀. Àwọn ìparí tirẹ̀ máa ń dára ju ti àwọn tó ṣe fíìmù lọ. Ìyá mi, kì í ṣe ìgbéraga ni mo fi sọ ọ́.

Ṣé mo mọ ohun tí mò ń ṣe? Rárá o. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ìṣirò sì já mi kulẹ̀ níbẹ̀. Fíìmù kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò. Ìwé àtijọ́ tí mo rà lójú títì la fi ń jìyà ìyẹn pọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí ni, mo sì fi í sílẹ̀ kó kàn wo fíìmù, kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀ kí n máa bi ara mi pé ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń ba ọmọ yìí jẹ́ báyìí. Tó bá di àárọ̀, ó ti jí, ó ti nu gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, ó ń dúró dè mí.

Ọ̀rọ̀ Igogo ló wá kàn báyìí, èyí tí wọ́n ti ròyìn ìdajì rẹ̀ fún yín. Ẹ mọ̀ pé nígbà ọdún Igogo, wọn kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. Agogo ni wọ́n ń lù. Obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Mo mọ èèwọ̀ yìí, mo ń pa á mọ́. Orí mi wà láìwé bí ti gbogbo obìnrin. Mo ti sọ fún Bùkọ́lá pé títí ọdún yóò fi parí, a ò ní ṣí ohùn tẹlifíṣọ̀n rárá, ká má lọ ṣèèṣì.

Èmi ni mo ṣèèṣì. Fíìmù ìgbéyàwó kan là ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá ìyàwó dìde láàárín agbo, ó ń bẹ àwọn àgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Bùkọ́lá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó na ọwọ́, ó tẹ orí ba, kò dúró níbì kankan. Ayọ̀ gbé mi dìde. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, mo yí ohùn sókè dé ìparí, kí n lè gbọ́ bó ṣe bá a mu tó. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá. Ìlù ìgbéyàwó ni. Fèrèsé wa méjèèjì wà ní ṣíṣí, ojú títì sì kún.

Kí n tó rí bọ́tìnnì náà yí padà, Bàbá Onílé ti dé pẹ̀lú àgbà méjì ládùúgbò, gbogbo wọn láìdé fìlà, ojú wọn le. Wọ́n bèèrè ẹni tó lu ìlù. Mo kúnlẹ̀. Èmi tí kì í ṣe akólòlò, n kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Àgbà tó dàgbà jù lọ kọjú sí Bùkọ́lá. Ó fẹ́ dáhùn, ahọ́n há. Ó dúró. Mo rí i tó na ọwọ́, tó tẹ orí ba bíi bàbá inú fíìmù, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀:

“Ẹ̀yin àgbà, ayọ̀ ló ṣi ìyá mi lọ́nà, kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ síwájú yín ti wà nínú ilé yín ná. Ẹ má lé wa síta.”

Ìdajì rẹ̀ wá láti inú fíìmù, Ìyá mi. Ìdajì kejì, òun ló ni ín.

Bàbá arúgbó náà wò ó títí. Ó ní ìlù tí wọ́n lù níbòmíràn, tí wọ́n kì mọ́nú ike, òun ò mọ ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ. Ó ní kí n wá obì, kí n bẹ ilẹ̀, kí n má sì tan ẹ̀rọ náà títí ọdún yóò fi tán. Nígbà tó ń jáde, ó wo àwòrán tó ṣì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì bi mí bóyá bàbá ìyàwó rí ọmọ rẹ̀ gbà padà níparí. Bùkọ́lá ló dá a lóhùn.

Ọjọ́ kejì ni Bọ̀dá Gbóyèga yà sọ́dọ̀ wa láti Ifọ́n. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ pé àwọn àgbà wá bá mi nítorí fíìmù. Kò bi mí bó ṣe parí. Ó bi Bùkọ́lá pé báwo ni ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ò sì lè pa irọ́ tí mo ti pa. Bọ̀dá bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ lójú ọmọ nìyí: “Ẹni tí kò lẹ́nu, ọwọ́ ni kó fi jẹun. Kó lọ kọ́ irun dídì l'Ákùúrẹ́.” Bọ̀dá kan náà yìí ló wá bẹ̀bẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọdún pé kí n fi fíìmù Ṣáínà dá àwọn lára yá, tí wọ́n wò ó tán, tí wọ́n ní ṣé kò sí apá kejì. Fíìmù ò ba ìwà tiwọn jẹ́, ti Bùkọ́lá nìkan ló bà jẹ́.

Wọ́n wá délé, wọ́n fi ẹjọ́ mi sun yín, awakọ̀ sì ti jíṣẹ́ yín fún mi: pé tí oṣù bá parí, Bọ̀dá á wá mú un, pé ẹ ti gbà. Ẹ gbà, Ìyá mi? Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ fún un? N kò kẹ́gàn irun dídì, iṣẹ́ gidi ni. Bí Bùkọ́lá bá fẹ́ ẹ, èmi ni n óò ra òòyà. Àmọ́ wọn ò bi í. Wọ́n fi ahọ́n rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n orí rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí olùkọ́ tó gbé e sórí tábìlì. Tí mo bá jẹ́ kó lọ báyìí, orí tábìlì náà ló máa wà títí ayé.

Nítorí náà kí Bọ̀dá má ṣe wá mú ọmọ. Tí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ilé mi ò tì. Ẹ̀yin náà, tí ẹsẹ̀ bá gbà yín láyè, ẹ wá. Tí ẹ bá ní mo ṣìnà, ẹ sọ ọ́ fún mi fúnra yín, n óò gbọ́. Ohun tí n kò ní gbọ́ mọ́ ni èyí tí wọ́n bá ti ẹ̀yìn ọmọ náà sọ.

Ọlọ́run á wo ẹsẹ̀ yín sàn. Ẹ ó jèrè wa, ẹ kò ní fi etí gbọ́ ohun tí ẹ kò ní fẹ́ gbọ́ nípa wa. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, ẹ kí ìdílé Bọ̀dá Gbóyèga, ẹ kí Bọ̀dá fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mo ṣì ń kúnlẹ̀ fún wọn. Bùkọ́lá ní kí n kí yín, ó ní ọwọ́ yín ń wu òun í dì mú.

Igogo parí lónìí. Lọ́la, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. N óò ṣí fèrèsé méjèèjì sójú títì, n óò ki kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó náà bọ inú ẹ̀rọ, n óò sì pa ohùn rẹ̀ pátápátá, kó lè jẹ́ ọmọ mi nìkan ni àdúgbò máa gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéọlá, ìyá Bùkọ́lá