Agogo Ọrùn Tanímọ̀la

                                        27, Òpópónà Fernhollow,
                                        Loganville, lẹ́bàá Atlanta,
                                        Georgia, Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Oyèníran, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìwọ kọ́ lo sọ Tanímọ̀la nù. Èmi ni mo sọ ọ́ nù, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí o ka èyí kí o tó ka ìkíni mi, kí o má baà rò pé ìkíni ni mo fi ń tù ọ́ lójú.

Ṣé dáadáa lẹ wà? Joanna ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń pè yín déédéé? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ṣé ẹ ti rí ẹni tún òrùlé ilé ìdáná ṣe? Èmi àti Mosúnmọ́lá ọmọ mi wà láàyè, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti béèrè wọn.

Ajá ló fa lẹ́tà yìí. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Mosúnmọ́lá ra ọmọ ajá fún Dárasími, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ní kí a sọ ọ́ lórúkọ bí a ti ń sọ ajá lórúkọ nílé, orúkọ tí aládùúgbò yóò gbọ́ tí yóò fi ronú ara rẹ̀ wò. Dárasími ní Bísíkíìtì ni òun fẹ́. Bísíkíìtì náà ló ń jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ó sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ láràárọ̀, títí kan ọjọ́ Sátidé, nítorí náà èmi àti ọmọ náà ni a máa ń mú ajá rìn yí àdúgbò ká láàárọ̀. Níbí, ajá kì í dá rìn kiri bíi tilé. Okùn ni a fi ń mú un, a sì ní láti kọ́ ọ kó lè máa bá ènìyàn rìn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo rò pé n kò nílò ẹ̀kọ́ kankan. Bí ajá bá dúró gbóòórùn koríko, mo fà á. Bó bá jókòó, mo fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Dárasími á máa pariwo lẹ́yìn mi pé, "Grandpa, ẹ má fà á báyẹn now! He's a baby!" Mo ní bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn. Ó ní, "Ah-ah, ṣé àwọn ajá náà like yín ṣá?" Mo tún fa okùn náà.

Ìyá àgbà ọmọ Amẹ́ríkà kan wà ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Damaris. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti ń wò wá láti ìloro rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ó ní bí okùn bá ti le, kí n dúró bí igi, kí n má fà, kí n má bínú. Bí ajá bá bojú wẹ̀yìn tí okùn sì dẹ̀, kí n yìn ín, kí n fún un ní ẹran díẹ̀, kí a sì máa lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ajá nìkan kọ́ ló ń fa okùn. Ẹni tó di orí kejì mú náà ń fà á. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Dárasími àti Bísíkíìtì ti ń rìn bí ọ̀rẹ́. Èmi ni n kò gbẹ̀kọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ tètè délé, mo sì gba okùn lọ́wọ́ ọmọ náà. Ajá jókòó. Mo fà á tagbáratagbára. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀, ó fa orí sẹ́yìn, bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ sì yọ gba orí. Ó sá bọ́ sójú títì. Ọkọ̀ kan tẹ bíréèkì, táyà rẹ̀ han gooro. Kò gbá a, ṣùgbọ́n kò ju ìwọ̀n apá kan lọ tó kù. Damaris ló bá wa mú un. Mo dúró, okùn òfìfo lọ́wọ́ mi, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ fún Dárasími pé, "Ìwọ ni o kò so bẹ́líìtì yẹn dáadáa!"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "But I did, Grandpa. Mo so ó dáadáa."

Oyèníran, gbólóhùn yẹn náà ni mo sọ fún ọ ní ọdún 1972, nílé àwọn tíṣà ní Ṣakí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an. Bàbá ti kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ọwọ́ rẹ ló fi ajá ọdẹ rẹ̀ lé, kì í ṣe ọwọ́ èmi àkọ́bí, ó sì dùn mí ju bí mo ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Mo mú ọ wá sọ́dọ̀ mi, ìwọ ọmọ ọdún méjìlá, o sì mú Tanímọ̀la dání. Ojú ń tì mí pé ajá oko wà nílé tíṣà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí o wà ní ilé ìwé, mo tú u níbi tí o so ó mọ́, mo fẹ́ lọ fi ta àgbẹ̀ kan lọ́rẹ. Kò tẹ̀lé mi. Mo fà á, mo nà án. Ó fa orí sẹ́yìn. Okùn, àti agogo kékeré tí Bàbá ní kí alágbẹ̀dẹ rọ fún un, yọ sí mi lọ́wọ́. Ajá wọ igbó lọ.

Nígbà tí o dé, mo ní ìwọ ni o kò so ó dáadáa. O ní, "Bùọ̀dá mi, mo so ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ta kókó okùn náà." Mo ní kí o kúnlẹ̀ nínú oòrùn nítorí irọ́ pípa. Ọjọ́ méje ni o fi ń pe orúkọ rẹ̀ kiri etí igbó, tí èmi jókòó tí mò ń máàkì ìwé. Nígbà tí o sunkún, mo ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bóyá ajá náà ń gbọ́ ohùn rẹ. Ìwọ ni o kò lè gbọ́ ọ, nítorí pé agogo rẹ̀ wà nínú àpótí mi.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ẹbí fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá sọ́wọ́ rẹ, èmi ni mo ní, "Ẹni tí kò lè so ajá!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Joanna sọ fún mi nígbà kan pé o máa ń padà lọ yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o tó lè jáde nílé, àti pé o kò gbà kí àwọn ọmọ sin ajá, o ní ọwọ́ rẹ kò mọ nǹkan í dì mú. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló burú jù.

Mo bẹ Dárasími lójú títì níbẹ̀, mo ní ó so ó dáadáa, èmi ni mo fà á yọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo sọ ìtàn Tanímọ̀la fún àwọn méjèèjì. Mosúnmọ́lá kò wò mí lójú. Dárasími ló béèrè pé, "Ṣé Grandpa Oyèníran mọ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ wá ń sọ fún àwa?"

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwọ lo kúnlẹ̀ nínú ẹjọ́ mi. Fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, èmi kò tíì fi orúnkún kan kanlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ báyìí. N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bó bá gbà ọ́ ní ọdún kan kí o tó fèsì, n ó dúró. N kò ní fà ọ́. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí wọn àti Joanna létí, kí ẹ̀rín ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn lè padà sórí ẹni tó tọ́ sí.

Fúnkẹ́, ọmọ ìjọ wa tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Túsìdeè, ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan tí a ta ní kókó. Agogo Tanímọ̀la ló wà nínú rẹ̀. Láti Ṣakí ni mo ti ń gbé e kiri, ilé dé ilé, títí dé ìhín. N kò lè sọ ọ́ nù, n kò sì lè jẹ́ kí o rí i. Dárasími mì í kí a tó dì í. Ó ṣì ń dún. Gbà á. Ọwọ́ rẹ ni Bàbá fi lé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tó sọ ajá nù,
Ọláníyọnu.