Owó Adelé, Ọwọ́ Adelé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀fọ́rí tí o sọ lọ́jọ́sí ti fi ọ́ sílẹ̀? Àwa náà wà, a ò ṣàìsàn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ara mi yá tán, irọ́ ni mo pa, nítorí ohun tó ń ṣe mí kò sí oògùn rẹ̀ lórí gbogbo pẹpẹ ilé oògùn wa. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka ìyókù.

O rántí ìgbà tí wọ́n ní kí gbogbo àgbàlagbà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí èrò tò dé ojú títì. Ọ̀gá wa rí i pé n kò lè dá a ṣe, ó ní kí ilé-iṣẹ́ tó máa ń pín apòògùn adelé fi ẹnì kan ránṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ajé bí kò ṣe ìwọ? Orúkọ ọkọ ni olúkúlùkù wa ń jẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmú kan náà la mu dàgbà. A wọ yàrá ẹ̀yìn, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a sì fẹnu kò pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Níwájú wọn, o ń pè mí ní "Mà", mo ń pè ọ́ ní "Adelé". Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́.

Ayọ̀ yẹn kò kọjá ọjọ́ Ẹtì. O gbé ìwé wákàtí rẹ wá pé kí n fọwọ́ sí i, nítorí èmi ni apòògùn àgbà. Ojú mi ṣèèṣì lọ sí ìlà ìsàlẹ̀. Ohun tí mo ń gbà fún wákàtí mẹ́ta, wákàtí kan ṣoṣo lo fi ń gbà á! Owó ọkọ̀ tún wà lọ́tọ̀. Àní wákàtí tí o fi ń jẹun, wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún ọ. Èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, tí mo mọ ọjọ́ tí fíríìjì bá fẹ́ ṣe òjòjò, èmi tí mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú nígbà tí o ṣì wà nílé ẹ̀kọ́! Mo fọwọ́ sí i. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí o bá mu omi, mo wo aago. Bí o bá lọ sí ilé ìtọ̀, mo ṣírò iye owó tí o jẹ níbẹ̀. Èyí tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ. Bàbá Awakọ̀, àgbà tó ti fẹ̀yìn tì tó sì máa ń bá gbogbo wa jà, jókòó síwájú rẹ, o bi í léèrè ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń rojọ́ lọ, ó wá ní, "Ṣé o ò tíì gún mi ni?" O ti gún un, o ti lẹ òwú mọ́ ọn. Òun ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, gbogbo ìlà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó fún èmi ní oríkì kankan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ yẹn pè mí. Wọ́n fẹ́ gbà ọ́ fún ọdún kan gbáko, àwọn kàn fẹ́ gbọ́ tẹnu mi ni. Ó ní, "Adelé yẹn ńkọ́, báwo lọwọ́ ẹ̀ ṣe rí?" Mo ní, "Ó máa ń fara balẹ̀." Bí Màmá bá gbọ́ ọ, wọn á ní mo yìn ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iye apá tí èèyàn bá gún ní wákàtí kan ni wọ́n ń wò níbẹ̀, mo sì mọ bí mo ṣe fa ohùn. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Ó ń fara balẹ̀?" Mo ní, "Gan-an ni." Èèyàn mẹ́rìnlá lo ń ṣe ní wákàtí kan. Mo mọ̀, nítorí mo ti kà á. N kò sọ ọ́.

O retí títí, wọn kò pè ọ́. O ti san àsansílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí o fẹ́ fi ṣe ilé oògùn tìrẹ, iṣẹ́ ọdún yẹn lo gbójú lé. O pè mí pẹ̀lú ẹkún: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe fún wọn?" Mo ní, "Bóyá iṣẹ́ ni ò sí." Mo tún ní kí o máa gbàdúrà. Èmi, ọmọ ìyá rẹ!

Ó tún kù. Ilé-iṣẹ́ yẹn ní ṣé mo lè ṣe adelé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní ilé oògùn wa níbí, ní iye tí wọ́n ń san fún ọ. N kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán kí n tó gbà. Àga kan náà, aṣọ iṣẹ́ kan náà, owó ìlọ́po mẹ́ta. Ó dùn, àbúrò mi, ó dùn gan-an. Àfi Àbámẹ́ta tó kọjá, tí Bàbá Awakọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ṣe gún un ló fò sókè: "Yéè! Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ dà?" Ìyá àgbà méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fa apá aṣọ wọn sísàlẹ̀, wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́jọ́ tí o bá wà. Mo rò pé bí owó rẹ bá ti dọ́wọ́ mi, ìlara á tán. Irọ́ ni. Mo gba owó rẹ, n kò rí ọwọ́ rẹ gbà.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe obìnrin yẹn. Mo sọ fún un pé àbúrò mi ni ọ́, pé mẹ́rìnlá ni tìrẹ ní wákàtí kan, mẹ́sàn-án ni tèmi, pé mo mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mo ní o ń fara balẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n fọwọ́ sí i. Mo ti kọ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ó ní àwọn á pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí n má sì wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mọ́. N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá fẹ́ sọ fún Màmá, sọ ọ́, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé oògùn rẹ dúró. Ojú kò ní tì ọ́. Ibi tí mo dí mọ́ ọ, yóò ṣí, yóò sì gbòòrò. Ẹni tó sún mọ́ ọ bí mo ṣe sún mọ́ ọ kò ní ṣe ọ́ ní irú èyí mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
ọmọ ìyá rẹ kan ṣoṣo.

Àfikún: Obìnrin náà ní wọ́n tún ti fi kún owó wákàtí adelé láti oṣù tó ń bọ̀. N kò jẹ́ kó sọ iye rẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́, tètè gbà á, kí o sì jọ̀ọ́, má sọ iye rẹ̀ fún mi.